Kí Ni Nọ́ńbà Ojú Rédíò Ń Kà?

Bí èèyàn bá tan rédíò ní Ọ̀jọ́, yálà Ìyànà Ìbà ló wà ni o, tàbí inú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó gan-an, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ tí atọ́kùn ètò kan máa sọ pé LASU Radio nìyí, lórí 95.7. Tó bá yí i díẹ̀, yóò bá Wazobia pàdé lórí 95.1. Tó bá yí i lọ sápá òpin, Radio Lagos wà níbẹ̀ lórí 107.5. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ti mọ́ wa lẹ́nu, a sì mọ̀ pé bí rédíò ò bá dúró sí ojú wọn gééré, ariwo lásán ni a ó máa gbọ́. Àmọ́ bí ọmọ ilé bá bi wá pé, "95.7 kí ni?", ọ̀pọ̀ wa ni kò ní rí èsì fọ̀ fún un. Nọ́ńbà ni, nọ́ńbà a sì máa ka nǹkan. Kí ni èyí ń kà?

Ìgbọ̀n ló ń kà. Lórí òpó gíga tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń tan ohùn ká, iná mànàmáná ń sáré gòkè nínú irin áńtẹ́nà, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè, ìgbà 95,700,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gígòkè-sísọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ti ìgbì kan jáde lára irin náà. Iye ìgbà tí nǹkan bá gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ó máa pè ní iye ìgbọ̀n. Hertz ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Mílíọ̀nù hertz kan ni megahertz, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí MHz lójú rédíò. Nítorí náà, 95.7 túmọ̀ sí mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rùn-ún ìgbọ̀n àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lé e.

A lè dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó dùn jù ṣì wà níwájú. Ẹ wá rédíò àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gbé sórí tábìlì ní pálọ̀ láti gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ó rí i pé níbi tí wọ́n kọ SW sí, ìlà nọ́ńbà méjì ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ìlà kan ń ka 6, 7, 9, 12, 15 lọ sókè, MHz ni. Ìlà kejì ń ka 49, 41, 31, 25, 19, ó ń wá sílẹ̀, lẹ́tà m kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mítà ni m yẹn. Ẹ wá fi nọ́ńbà ìlà kan ṣe ìlọ́po èyí tó kọjú sí i. 12 lọ́nà 25 jẹ́ 300. 7.3 lọ́nà 41 jẹ́ 299 àti díẹ̀. 6.1 lọ́nà 49 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 299. Ọdún pípẹ́ ni Voice of Nigeria fi lo 15.12 MHz láti tan ohùn láti Ìkòròdú lọ sí òkè òkun; ìgbì rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi mítà 19.8, ìlọ́po àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí 300 rárá. Ibi yòówù kí ẹ yí i sí, 300 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tó ṣe rédíò náà kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ kó lè dára lójú. Ohun kan wà nínú ìṣẹ̀dá tó ń fi ìlà méjèèjì de ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ojú irin wò ó. Láti oṣù September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2, Okokomáìkò sì ni wọ́n ṣètò pé kó parí sí. Ká ní ẹ dúró lẹ́bàá ojú irin, tí ọkọ̀ gígùn kan ń kọjá lọ. Ká tún ní kóòṣì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gùn ní 20 mítà, tí ẹ sì kà á pé kóòṣì kan ń kọjá níwájú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti mọ bó ṣe ń sáré tó nìyẹn: 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ 72 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ kò bi awakọ̀ léèrè, ẹ kò sì yọjú wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ tó ń sáré bákan náà, àmọ́ tí kóòṣì tirẹ̀ kò ju 10 mítà lọ, méjì-méjì ni wọn yóò máa kọjá. Kóòṣì kúrú, kíkà pọ̀. Kóòṣì gùn, kíkà dín. Ìdí tí ìlà kan fi ń gòkè tí èkejì fi ń sọ̀ lójú rédíò àtijọ́ nìyí.

Gígùn kóòṣì dúró fún gígùn ìgbì, ìyẹn àyè tó wà láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì tó tẹ̀ lé e. Iye kóòṣì tó ń kọjá dúró fún iye ìgbọ̀n. Eré tí ọkọ̀ ń sá dúró fún ìyára ìgbì. Ohun kan wà tí ọkọ̀ ojú irin kò lè fi hàn wá: irin àti èrò inú rẹ̀ ń kúrò ní Marina dé Mile 2 lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìgbì, ohun tó ń gbọ̀n kì í bá ìgbì lọ. Ẹ wo ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n so mọ́ èbúté lẹ́yìn Ọ̀jọ́ nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá kọjá lójú ọ̀sà. Ìgbì á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbé e sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á kọjá lọ sí etí omi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n náà á sì wà níbi tó wà. Gbígbọ̀n ló rin ìrìn àjò. Omi ò bá a lọ.

Wàyí o, 300 yẹn. Ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn jẹ́ ohun kan náà, eré kan náà ni wọ́n sì ń sá: 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí kò sí nǹkan kan lọ́nà, afẹ́fẹ́ pàápàá. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, a ń sọ pé 300 mílíọ̀nù mítà. Nítorí pé megahertz ti kó mílíọ̀nù kan sínú ara rẹ̀, 300 nìkan ló kù lójú rédíò. Nọ́ńbà gígùn yẹn kò ní ìyókù lẹ́yìn rárá. Ní oṣù October ọdún 1983, ọdún kan náà tí ìjọba Lateef Jakande dá LASU sílẹ̀, ìpàdé àgbáyé lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe ní Paris fẹnu kò pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá rìn dé láàárín ìdá kan nínú 299,792,458 ìṣẹ́jú àáyá ni mítà kan. Rúlà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lò nínú kíláàsì ní Ìbà lónìí, ara eré ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ti gé e.

Pẹ̀lú èyí, ẹ lè wá gígùn ìgbì LASU Radio fúnra yín. Ẹ pín 300 sí ọ̀nà 95.7. Ohun tí ẹ ó rí kò ju mítà 3.13 lọ. Ìgbì tó gbé ohùn atọ́kùn ètò náà gùn tó ògiri yàrá kan. Ti Wazobia lórí 95.1 gùn jù ú lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 péré, síbẹ̀ rédíò kékeré tó wà lápò èèyàn mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC àti JAMB ṣọ́ra níbí. Ẹni tó bá gbàgbé pé mílíọ̀nù wà nínú MHz, tó wá fi 95.7 lásán pín 300 mílíọ̀nù, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbì náà lé ní 3,000 kìlómítà. Ìgbì kan ṣoṣo á ti Ọ̀jọ́ gùn ré kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Kí èèyàn tó lọ sórí ìbéèrè tó kàn, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè bá áńtẹ́nà tó wà lára rédíò mu.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgbì rédíò ń sá eré ìmọ́lẹ̀? James Clerk Maxwell, ará Scotland, ló fi ìṣirò sọ ọ́ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1865, pé iná àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì lè jọ rin ìrìn àjò bí ìgbì. Kò sẹ́ni tó tíì rí i rí. Heinrich Hertz ló fi hàn ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, láàárín 1887 sí 1888, mo sì máa ń rò pé bó ṣe ṣe é yẹ kí gbogbo kíláàsì mọ̀ kó tó di pé wọ́n fún wọn ní ìṣirò kankan. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń mú kí iná gbọ̀n nínú wáyà kíákíá, ó sì gbé páànù síǹkì ńlá sára ògiri lódì kejì yàrá. Ìgbì tó kúrò lára ẹ̀rọ lọ bá síǹkì, ó ta padà, ó sì pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí gíga ọ̀kan ti pàdé gíga èkejì, wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Níbi tí gíga ọ̀kan ti pàdé kòtò èkejì, wọ́n pa ara wọn rẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àwọn ojú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣípò.

Hertz mú òrùka wáyà kan tó ní àlàfo tín-ín-rín dání, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú òkùnkùn. Níbi tí ìgbì bá lágbára, iná kékeré á ta pàrà nínú àlàfo náà. Ní ojú ìdákẹ́, iná á kú. Láti ojú ìdákẹ́ kan dé èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì. Ó wọn àyè náà sílẹ̀, ó sì rí i pé ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án ààbọ̀. Láti ara títóbi ohun tó fi ṣe ẹ̀rọ náà, ó ti ṣírò iye ìgbọ̀n rẹ̀. Ó fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, irú eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá ló sì jáde sí i. Wọn kò lè fi aago lé ìgbì rédíò bá nínú yàrá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ kíkà àti gígùn ti mọ eré. Hertz kú lọ́dún 1894, ọmọ ọdún 36 ni. Lọ́dún 1960 ni orúkọ rẹ̀ di òṣùwọ̀n iye ìgbọ̀n fún gbogbo ayé.

Àwọn awakọ̀ ọ̀nà Àgbádárìgì ti rí ojú ìdákẹ́ Hertz láìmọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí ọkọ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀, rédíò tó ń dún dáadáa á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ọkọ̀ á sún síwájú díẹ̀, ohùn á tún mọ́ gaara. Tirela, ilé alájà púpọ̀ àti irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ta ìgbì padà gẹ́gẹ́ bí síǹkì ti ṣe, áńtẹ́nà ọkọ̀ sì ti bọ́ sínú ọ̀kan lára àwọn ojú tí ìgbì ti pa ara wọn rẹ́. Ìdajì 3.13 jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Ojú títì kò dà bíi yàrá Hertz, nítorí ibi púpọ̀ ni ìgbì ti ń ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà àwọn ojú ìdákẹ́ kì í tò gún régé. Síbẹ̀, bí kí ọkọ̀ sún mítà kan ṣe ń tó láti yí ohùn padà fi hàn pé mítà ni a fi ń wọn ìgbì yìí. Ká ní kìlómítà ni, à bá ti dé ìlú Agbárá kó tó padà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí 95.7 bá dúró gbọn-in, níbo wá ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn wà? Ara kíkà yẹn náà ni. Nínú FM, ohùn ló ń ti iye ìgbọ̀n sókè, tó ń fà á wá sílẹ̀ díẹ̀, kò ju 75,000 lọ sí apá kọ̀ọ̀kan. Rédíò yín ń tọpa ìyípadà yìí, òun ló sì ń sọ di ohùn padà. 95.7 ni àárín gbùngbùn rẹ̀.

Nílé ìwé, wọ́n sábà máa ń ya onígun mẹ́ta sórí pátákó, ìyára lókè, iye ìgbọ̀n àti gígùn ìgbì nísàlẹ̀. Bo èyí tí o ń wá, wàá rí bí o ṣe máa ṣe é. Ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ là ní gbọ̀ngàn ìdánwò, n kò sì bá olùkọ́ kankan jà lórí rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ń mú kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ẹgbẹ́ ara wọn, bí ẹni pé èyíkéyìí lè yí padà nígbà tó bá wù ú. Nínú ayé gan-an, ẹni tó rán ìgbì ló ń pinnu iye ìgbọ̀n. Ohun tí ìgbì ń gbà kọjá ló ń pinnu ìyára. Gígùn ìgbì kò ní àṣẹ tirẹ̀. Ibi tí àwọn méjì yòókù bá fi sí ló ń wà.

Ẹ wo atọ́kùn náà nínú sítúdíò. Ká ní ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ ni, tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ìlú Èkó, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 347 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in: ìgbì ohùn rẹ̀ gùn ní mítà 3.15. Ìgbì rédíò tó ń gbé ohùn náà jáde ńkọ́? Mítà 3.13. Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ọ̀kan ń gbọ̀n nígbà 110, èkejì nígbà 95,700,000, nítorí pé eré tí rédíò ń sá fi nǹkan bí ìlọ́po 864,000 ju ti ìró lọ. Bí ohùn lásán bá lè rìn dé Àgbádárìgì, tó wà ní nǹkan bíi 40 kìlómítà, ìṣẹ́jú méjì ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Rédíò kò lò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún méje ìṣẹ́jú àáyá.

Etí òkun tún fi hàn bí ọ̀nà ṣe ń pàṣẹ fún ìyára. Ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì ló ń rán ọ̀pọ̀ ìgbì tó ń fọ́ ní etíkun Èkó. Ká ní wọ́n ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá méjìlá-méjìlá. Lójú agbami, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 225, ó sì ń sá eré tó tó 67 kìlómítà ní wákàtí kan. Bó bá dé ibi tí omi kò jìn ju mítà 2 lọ, eré rẹ̀ á já sí nǹkan bíi 16. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá méjìlá yẹn ò yí padà: iye tó ń ti agbami bọ̀ ni iye tó ń dé etíkun, nítorí pé ìgbì kankan ò lè sọnù lọ́nà. Gígùn wọn ló gbọ́dọ̀ kúrú, ó di mítà 53 tàbí kó sún mọ́ ọn. Agbára tó tẹ́ gbalaja tẹ́lẹ̀ wá há, ìgbì dìde, ó sì wó lulẹ̀ sórí yanrìn.

Gángan ló máa ń yà mí lẹ́nu jù, torí lójú awọ rẹ̀, gígùn ìgbì ló dúró, iye ìgbọ̀n ló ń tẹ̀ lé e. Bí onílù bá fún ọṣán, awọ á le, gbígbọ̀n á sì túbọ̀ máa yára kọjá lójú awọ náà. Fífẹ̀ ojú ìlù kò yí padà, torí náà gígùn ìgbì tó lè gbà síbẹ̀ ti dè. Kí ló kù tó lè yí? Iye ìgbọ̀n. Ó gòkè, ohùn ìlù sì gòkè. Bó bá tú ọṣán, eré lójú awọ á dín, ohùn á sọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbígbọ̀n náà bá ti kúrò lójú awọ tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ọ̀nà tuntun ló wọ̀ yẹn, mítà 347 rẹ̀ kò sì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Iye ìgbọ̀n tí awọ fún un ló ń gbé lọ, gígùn ló sì ń yí padà lójú ọ̀nà. Bí ohùn òkè bá ń yára ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́, ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn ì bá máa gbọ́ oríkì rẹ̀ ní rúdurùdu.

Ní ọjà Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta áńtẹ́nà ní gígùn àti ní kúkúrú, gbogbo èyí ti di ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Irin áńtẹ́nà tó dúró lóòró máa ń gba ìgbì dáadáa bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì, nítorí iná inú rẹ̀ á máa lọ máa bọ̀ ní ìdọ́gba pẹ̀lú ìgbì tó ń dé. Ìdá mẹ́rin 3.13 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 78. Ẹ na áńtẹ́nà rédíò FM kékeré tán, kí ẹ wọ̀n ọ́n: àwọn kan wà lára wọn tí kì í jìnnà sí i. Fóònù tó ń lo 900 MHz ní ìgbì tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ, ìdí nìyẹn tí áńtẹ́nà rẹ̀ fi lè sá pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó ń ti sátẹ́láìtì bọ̀ kúrú ju ìyẹn lọ, sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn.

Wáyà tó ń so áńtẹ́nà òrùlé mọ́ rédíò nínú ilé tún ní òfin tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wáyà oníkókó kan láàárín, tí rọ́bà funfun yí ká, ìgbì kò lè sá ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta eré ìmọ́lẹ̀ lọ. 95.7 wọlé, 95.7 náà ló jáde, ṣùgbọ́n nínú wáyà yẹn ìgbì tó gùn ní mítà 3.13 níta ti kúrú di mítà 2 ó lé díẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ gé ìdá mẹ́rin ìgbì lára irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún LASU Radio, sẹ̀ǹtímítà 52 ni yóò gé, kì í ṣe 78.